Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun, òfin iṣẹ́ ìjọba a máa rọ̀ bí òjò: kí o tó sá aṣọ tí ti àkọ́kọ́ pa, òmíràn ti ṣú. Láti Adó ló ti ń bọ̀, nínú ìwé tí àwa olùkọ́ ń pè ní sákúlà. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́ á pè wá jọ sábẹ́ igi máńgòrò, á wọ awò ojú rẹ̀, á sì kà á bí ìgbà tí wọ́n ń kéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá kà á tán, á ní kí ẹni tó bá ní ìdí tí kò fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ báyìí. A ó bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ tí sákúlà kàn mí. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sí ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Kí wọ́n tó la ìpínlẹ̀ sí méjì, ta ló ń ka Àkúrẹ́ sí ìrìn àjò ní Ìkẹ́rẹ́? Oko bàbá mi àti oko bàbá ọkọ mi súnmọ́ra débi pé bí ẹnì kan bá sín nínú ọ̀kan, wọ́n lè kí i láti inú èkejì. Àfi bí mo ṣe di àjèjì lójijì. Ìpínlẹ̀ bàbá mi sì gùn dé etí òkun. Wọ́n lè gbé mi síbẹ̀, èmi àti ọmọ ọmú mi. Ọkọ mi, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, ní kí òun wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Ẹ̀rín ẹnu lásán ló fi sọ ọ́.

Ọpẹ́ ni pé sákúlà kì í dá wá. Èyí tó tẹ̀lé e ní obìnrin tó bá ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lè dúró, kó ṣáà mú ìwé ìgbéyàwó wá. Èmi kò ní ìwé. Ìdána la ṣe, àwọn àgbà gbàdúrà, iyán tán nínú odó, ó parí. Òmíràn tún dé: ẹni tí kò bá ní ìwé, kó mú obìnrin kan wá láti ilé ọkọ rẹ̀, tí òun ní ìwé, kó wá jẹ́rìí.

Nínú agbo ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ìwé ṣọ́ọ̀ṣì: ìyàwó tó wọlé tẹ̀lé mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó pẹ́ kó tó gbéyàwó, ló fẹ́ ẹ. Obìnrin náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ọkọ rẹ̀ ju ọkọ mi lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí obìnrin bá wọlé la fi ń ka ipò rẹ̀ láàárín àwọn ìyàwó ilé. A kì í ka ọjọ́ orí, a kì í ka ti ọkọ. Èmi ni ìyáálé nìyẹn. Bí ìnáwó ẹbí bá dé, èmi á pín ẹran, òun á fọ ìkòkò. Bó bá sì fẹ́ pè mí ní ìyáálé, á pè é bí ẹni tó ń gbé oògùn ibà mì. Èmi náà á ní etí ń dùn mí, kó tún un pè.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni sákúlà fi ọ̀rọ̀ mi lé lọ́wọ́. Bó bá sọ ní Adó pé òun ló kọ́kọ́ wọlé, òun ni ìyáálé, èmi ni ará etí òkun. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí léèrè ìgbà tí a ó wọkọ̀, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Nínú takisí, ìta ló ń wò títí a fi dé Adó. Ọkùnrin tí a bá nídìí tábìlì ní ọ́fíìsì gba ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, ó wò ó, ó gbójú sókè.

"Ìyá, ọjọ́ tí wọ́n kéde ìpínlẹ̀ gan-an lẹ gbéyàwó?"

"Ọjọ́ náà ni, sà. Gbogbo èèyàn ń jó lójú títì. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń jó fún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè èwo nínú àwa méjèèjì ló kọ́kọ́ wọlé. Obìnrin náà tún gèlè rẹ̀ wé. Mo rọra gbé ọmọ mi láti itan kan sí èkejì.

Ó ní, "Òun ló fọ ẹsẹ̀ mi wọ ulé."

Ọkùnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí lòun náà, ó mọ̀ pé lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ ni wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó, àti pé ẹni tí kò bá tíì di ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi náà. Síbẹ̀ ó béèrè bóyá ó dá a lójú.

"Ṣé mo lè gbàgbé ni? Omi náà tutù bí ti kànga."

Òótọ́ ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo gbé kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jó nítorí ìpínlẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ìyàwó wa lọ́wọ́, ìgbà tó fi dé, omi ti tutù. Ọkùnrin náà buwọ́ lùwé mi.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo dúpẹ́. "Ẹ ṣeun" ni mo sọ, èmi tí mo ti ń pè é ní "ìwọ" láti ọjọ́ tó wọlé. Ó kọ́kọ́ wò mí lókè wò mí nílẹ̀.

Ó ní, "Mo fẹ́ ipò yẹn o, ìyáálé. Àmọ́ n kò ní gba Adó lọ mú un."

Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà títí dòní, níbi tí mo ti tọ́ ọmọ, tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Sákúlà kò sì yé dé. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó tuntun bá ń bọ̀ nílé wa, èmi ni mo ń gbé omi ẹsẹ̀ rẹ̀ kaná, iná náà kì í sì í kú títí wọ́n á fi dé. Ìyàwó tó tẹ̀lé mi á wá ki ìka bọ̀ ọ́, á wò mí, á ní ó ṣì kù díẹ̀.