Ilé Tí Wọ́n Máa Ń Fò

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí àwọn ọmọdé bá rí i pẹ̀lú àpótí àjẹsára léjìká, wọn á sá sẹ́yìn ìyá wọn. Láti ilé dé ilé ló ń rìn: ó ń wọn àwọn ọmọ wò, ó ń wo ojú egbò, ó ń kọ́ àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí kò lè dìde. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ìjọba pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kò gbà á síṣẹ́, wọn kò sì jẹ́ kó sinmi. Ọkùnrin tó jẹ́ alábòójútó wọn ń gba owó oṣù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa béèrè ibi tí wọ́n dé.

Bó bá délé, iṣẹ́ kan náà ló ń dúró dè é. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà kí egbò má baà yọ nídìí rẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Ní ilé àwọn ẹlòmíràn, ó máa ń sọ fún wọn pé èèyàn méjì ni kó máa yí aláìsàn, kí ẹnì kan má baà fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣòfò. Nílé tirẹ̀, òun nìkan ni èèyàn méjèèjì.

Ọkọ rẹ̀ kì í lù ú, kì í sì í mutí. Ó kàn máa ń jókòó ni. Bí ìyá rẹ̀ bá tilẹ̀ pe orúkọ ọkọ náà gan-an láti inú yàrá, yóò pariwo pé, "Ìyá Abẹ́rẹ́, Màámi ń pè ẹ́ o!"

Ìgbà tó yá, wọ́n kéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan ní ìlú mìíràn. Ẹni tó bá lọ yóò di òṣìṣẹ́ gidi. Ẹni tí kò bá lọ, kó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ. Wọ́n mú Ìyá Abẹ́rẹ́ mọ́ àwọn tí yóò lọ. Ọkọ rẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú Màámi? Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìyá aládùúgbò ni.

Ó lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní Aláròyé, pé kí ó lọ dípò òun.

"Ta ló máa ń ṣe àbẹ̀wò sílé yín?" ni Aláròyé bi í.

"Ilé wa kẹ̀? Ta ni yóò wá?"

Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ti dé ilé òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n máa ń fò ó ni. Àwọn obìnrin náà fúnra wọn ló dá àṣà yẹn sílẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ti wà níbẹ̀, ó tán.

"A ti ṣìṣe nìyẹn," ni Aláròyé wí. "Mò ń bọ̀ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò.

"Ẹ kú ilé o. Aláìsàn ni mo wá wò. Ta ló ń tọ́jú wọn?"

Ọkọ nàka sí ìyàwó rẹ̀.

"Èyí? Ẹlẹgbẹ́ mi lèyí. Ará ilé ni mò ń béèrè. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè."

"Ọkùnrin kì í wẹ ìyá ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kí làwọn èèyàn á sọ?"

"Wọ́n á ní ara ìyá yín mọ́."

Màámi dá sí i láti orí ibùsùn. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà pé: "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí ò ń yàgbẹ́ sí mi lára, ṣé mo kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn ni? Yí mi padà jàre, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí."

Ọkọ di ìyá rẹ̀ mú bí àpò sìmẹ́ǹtì. Aláròyé gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó fi ibi tó yẹ kó dì mú hàn án: èjìká àti ìbàdí. Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde láti ràn án lọ́wọ́.

"Jókòó," ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí.

Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tí Ìyá Abẹ́rẹ́ ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó tó dé ibùdókọ̀, àdúgbò ti gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ń fọ aṣọ Màámi ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ọkùnrin àtàtà! Ìyá Abẹ́rẹ́, orí rẹ ló yan ọkọ fún ẹ o!"

Ọdún mélòó ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń fọ aṣọ kan náà ní ẹ̀yìnkùlé kan náà? Kò sẹ́ni tó pè é ní àtàtà.

Fóònù rẹ̀ dún nínú ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní Màámi kò fẹ́ jẹun, kí ni kí òun ṣe?

"Ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe."

Ọkùnrin náà bi í bó ṣe máa ń ṣe é. Kò wo bó ṣe ń bọ́ Màámi rí.

Ìyá Abẹ́rẹ́ kò sọ̀ kalẹ̀.