Ojúgun Ọ̀rẹ́ Mi

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà. Kò sí ọmọbìnrin tó lè bá ọ̀rẹ́ mi tó ti Ìwàrà wá sáré níbẹ̀. Tó bá ń sáré, ẹ̀rín ló máa ń rín. Tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ wa ní eré sísá fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Tó bá ti rẹ̀ wá, á ní ká lọ mu omi, ká jókòó síbi ibòji.

Wọ́n gbé tíṣà náà lọ sí ìlú mìíràn. Pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Kò sí omi àfi tí a bá parí. Ẹni tó bá kẹ́yìn, á ní kí gbogbo wa hó lé e lórí.

Kò pẹ́ tí ojúgun ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mo ń fi omi gbígbóná jó o fún un, kò lọ. Ó tọ tíṣà lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe ọ́. A fẹ́ lọ díje l'Óṣogbo, o wá fẹ́ dójú tì mí?"

Kò sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró.

L'Óṣogbo, òun ló wà níwájú títí wọ́n fi dé kọ́nà tó kẹ́yìn, níbi tí mo dúró sí. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n dá igi gbígbẹ. Ó ṣubú.

"Dìde!" ni tíṣà ń pariwo. "Wọ́n ti ń kọjá ẹ!"

Ó sì fọwọ́ tilẹ̀, ó fẹ́ dìde lóòótọ́. "Mò ń bọ̀ sà," ló ń wí. "Mò ń bọ̀." Egungun ti kán.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé ọsibítù, tíṣà ní, "Ìyá, ọmọ yín ò sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ń dun òun."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o sọ fún wọn?"

"Mo sọ, Ìyá mi."

Obìnrin náà kẹ́yìn sí tíṣà. Ó tún aṣọ tó fi bo ọmọ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, ó mú un lọ sí Ìwàrà, ọ̀rẹ́ mi kò sì padà sílé ẹ̀kọ́ mọ́.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó tún rí i, lọ́jà Ìgbóna l'Óṣogbo, níbi tó ti ń ránṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé, ó ní wọ́n mú òun mọ́ àwọn tí yóò sáré nílé ìwé.

"O ò ní í sá a," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Mo fẹ́ bá a bẹ ìyá rẹ̀, àmọ́ mo wo ẹsẹ̀ tó kúrú náà, mo kàn fa ọmọ náà mọ́ra.