Ma da mi lohun

Ìrántí mi máa ń tàn mí jẹ, n kò sẹ́. Mo ti bi ara mi léèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá pè mí ní onírọ́, kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó dé bá Ẹ̀gbọ́n Lékan tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán gangan ni, ní yàrá ìdánwò ilé iṣẹ́ wa ní Yábàá. Mo fi kọ̀ǹpútà kan sí àárín fóònù ìdánwò àti íńtánẹ́ẹ̀tì; pírọ́sì ni à ń pè é. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí fóònù bá ń rán jáde, ibẹ̀ ni yóò gbà kọjá, a ó sì kà á. Fóònù kò gbọdọ̀ mọ̀ pé a wà níbẹ̀.

Tuntun ni fóònù náà. Kò ní síìmù. Èmi ni mo tú páálí rẹ̀. Àbí èmi kọ́? Èmi ni.

A kò tíì fi áàpù kankan sí i tí ọ̀rọ̀ fi yọ lójú kọ̀ǹpútà mi: *Lekan, ma da mi lohun.*

Mo wo ibi tí wọ́n darí rẹ̀ sí. Kọ̀ǹpútà mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Fóònù tí ò ní síìmù mọ orúkọ mi! Mo ti gbajúmọ̀ nìyẹn, àbúrò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ó ní *má*."

"*Máa* ni, jàre. Ta ló ń fàmì sí mẹ́sééjì l'Ékòó?"

Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu. "Èmi rè é. Ta nìyẹn?"

Ẹ gbà mí gbọ́, gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Ó di ọ̀fun mú, ó ń wò mí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn sì yọ lójú kọ̀ǹpútà: *Aburo, ma da mi lohun.*

Òun nìkan ló ń pè mí ní àbúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá wa ní àárẹ̀ ni. Ó ní èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, pé kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù náà kúrò pátá, kí iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú. Iṣẹ́ wo? Ènìyàn jókòó sílé ní Múṣin, ó ń fi ọwọ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ sì ń sọ ti iṣẹ́! Bí ohùn rẹ̀ bá wà nínú fóònù yẹn ńkọ́?

N kò nù ún. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lé mi.

Ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin èèyàn. Bí èyí tí kò lámì bá sì pè yín lórúkọ, ẹ pa ẹnu yín mọ́.

Èmi náà ṣì pa tèmi mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n Lékan ló ń bẹ̀ mí, tó sì jẹ́ pé *máa* ló ń wí?