Abọ́ Tánganran Ìyá Fúnkẹ́

Èmi Tósìn ni mo ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí ayélujára fún Bàbá Fúnkẹ́, aládùúgbò wa ní Oǹdó. Wọn ò mọ̀wé, inú sì ń bí wọn. Wọ́n ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.

Ọmọ mi wá kọ́ mi lónìí bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́.

Fúnkẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ló gbé abọ́ tuntun mẹ́fà dé láàárọ̀.

"Bàbá, ẹ má lo ike àlòsọnù mọ́ o, gọ́tà ló ń dí. Abọ́ tá a lè fọ̀ ká tún lò ló dáa."

Mo ní, "Ti ìyá rẹ ńkọ́?"



Ogójì abọ́ tánganran ni ìyàwó mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí gbogbo wọn. Gbogbo àdúgbò ló ń yá wọn fi ṣe òkú, fi ṣe ìsọmọlórúkọ, àmì yẹn ló sì ń dá wọn padà sílé. Lọ́dún tó kọjá, oko bàbá mi ni mo wà tí Fúnkẹ́ fi kó gbogbo wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ní àwọn abọ́ náà ń dójú ti òun níwájú àlejò. Ike ló fi rọ́pò wọn.

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni, Bàbá."

"Ìyá rẹ mọ̀."

Mo ní kó kó tiẹ̀ padà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó abọ́ ìyá yín dànù, kí lẹ sọ fún bàbá yín?

Bàbá ti fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù bí ìbuwọ́lùwé. Ẹlẹ́rìí: Màmá Bọ́sẹ̀ tó ń gbé ládùúgbò wa, àti Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀, tó ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.