Ṣúgà Lórí Ojú Eyín Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Yọ

Ẹgbàá sídì owó Gánà ni mo mú jáde láàárọ̀, ọgọ́rùn-ún péré ló kù, eyín àgbà kan sì ti kúrò lẹ́nu ọmọbìnrin mi. Dókítà ní ṣúgà ló jẹ ẹ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, òwú ṣì wà lẹ́nu ọmọ, tí ìyá ọkọ mi ki hóró ṣúgà méjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu!

"Kosɛ, kosɛ, pẹ̀lẹ́, má sunkún mọ́."

"Màámá, ṣúgà yìí náà ló ba eyín ọ̀hún jẹ́!"

"Kai! Ṣé ewúro ni kí n fi rẹ ọmọ lẹ́kún? Á tún hù."

"Kò ní hù mọ́, Màámá, kì í ṣe eyín ọmọdé."

Wọ́n tún fún un ní ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, báwo lẹ ṣe ń gba ṣúgà lọ́wọ́ ìyá ọkọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Eyín kejì ti ń jẹrà, mo sì ṣì jẹ dókítà ní ẹgbẹ̀ta sídì lórí tàkọ́kọ́.