Ọwọ́ Tó Ń Tẹ Ọwọ́ Mi Wálẹ̀

Ẹ̀yìn mi ni olùkọ́ mi máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń kọ́ mi níjó. Ará erékùṣù Jáfà ní Indonéṣíà ni wọ́n. Mọ́sálásí la ti pàdé ní Peckham, nílùú London, wọ́n sì gbà láti máa kọ́ mi ní ijó àwọn obìnrin ààfin ìlú wọn, nínú pálọ̀ wọn ní Brockley. Wọ́n á fi orúnkún ti orúnkún mi kó lè tẹ̀, wọ́n á di ọrùn ọwọ́ mi mú, a ó jọ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ojú nílẹ̀. Bí ọwọ́ mi bá fẹ́ kọjá èjìká, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Èèwọ̀ ni.

Ìyá mi wá wò wá lọ́jọ́ kan. Nígbà tí à ń lọ sílé, bí a ṣe dé ibùdókọ̀ ní Rye Lane, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ijó rèé àbí queue? Mo kàn ń wait, mo ní ìgbà wo lẹ fẹ́ start." Inú bí mi, mo kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀sì máa gbà yọ.

Nígbà òtútù ni olùkọ́ mi kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò lọ. Bí mo bá ń dá nìkan jó nínú gbọ̀ngàn tí mo háyà, tí apá mi bá ga jù, nǹkan á rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó tutù bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́. Ó ń bà mí lẹ́rù, ó sì dùn mọ́ mi. Mo máa ń sálámà sí wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ijó tèmi ni mò ń ṣẹ̀dá, mo kàn fi tiwọn ṣe gbòǹgbò. Ìparí rẹ̀ ló dà mí láàmú. Ara mi ń fẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì gòkè pátápátá. Tí wọ́n bá wá bínú lọ ńkọ́?

Mo sọ fún ìyá mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ó ti di ojú àlá. Leave Aunty alone, jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ṣe àdúà fún wọn."

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jó dé òpin. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó kọjá èjìká, ó kọjá etí. Mo ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, mà." Mò ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mi ò sọ ọ́ kalẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n.

Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sun ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí a sin wọ́n.