Ìdérí Ẹ̀rọ Orí Òrùlé Rùfáì

Rùfáì Ọlámúyìwá ni orúkọ rẹ̀, káfíńtà ni ní Ọ̀wọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Ilé rẹ̀ ga ju gbogbo ilé àdúgbò wa lọ, kò sì sí igi nítòsí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ gíga kan fi wá bá a ní oṣù kẹta ọdún 2015. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ kan sórí òrùlé rẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Christopher Ọmọ́lẹ́yẹ. Dókítà ni nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni báyìí. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe débẹ̀.

Èmi ni mo di àkàbà mú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ yẹn kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Wọ́n dè é mọ́ orí òpó irin, wọ́n fi ìdérí funfun roboto bò ó, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin mú un. Bí èèyàn bá wò ó láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó dé fìlà ló rí.

Christopher ṣàlàyé. Ó ní àwọn sátẹ́láìtì ń yí ayé ká, wọ́n ń fọhùn, ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ wọn. Ohùn wọn ń gba inú òfúrufú òkè lọ́hùn-ún kọjá, níbi tí bàálù kò lè dé. Bí oòrùn bá da ibẹ̀ rú, ohùn náà á yí padà. Irú ẹ̀rọ kan náà wà ní ìpẹ̀kun ayé, níbi tí yìnyín kì í tán. Wọn á máa fi ohun tí ti Ọ̀wọ̀ bá gbọ́ wé ohun tí ti ibẹ̀ gbọ́.

Rùfáì ní, "Kí ni tèmi níbẹ̀?"

"Ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, Bàbá. Ẹ máa wo iná rẹ̀ láràárọ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé."

Wọ́n fún un ní ìwé kan. Iná oòrùn tí wọ́n gbé wá fún ẹ̀rọ náà, wọ́n fa díẹ̀ níbẹ̀ wọ ilé rẹ̀, gílóòbù méjì.

Bí Rùfáì ṣe ń ṣe ilẹ̀kùn ló ṣe mú iṣẹ́ yìí. Ó máa ń wọn igi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e. Àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà lẹ́yìn odi máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sílẹ̀ fún un. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìnlá ló wà lórí ìṣó nínú yàrá rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò sí ilé kan tí síbí ti sọnù níbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án dé. Ọdún Igogo dé. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni. A kì í lu ìlù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Mùsùlùmí ni Rùfáì, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Bó bá ń lọ sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, inú àpò ni fìlà rẹ̀ máa ń wà títí yóò fi wọlé.

Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí, àgbà obìnrin àdúgbò wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà Rùfáì, ó gbójú sókè.

"Rùfáì, ìwọ ṣí orí. Èmi náà ṣí orí. Ọ̀gá wo ló dé fìlà sórí ilé rẹ yẹn?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá."

"Kò mọ ìlú tó wà ni?"

A rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó wá lọ́jọ́ kejì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú òkúta dání, wọ́n ní àfi kí ẹ̀rọ náà ṣí orí. Rùfáì pe Christopher. Ariwo ayùn ti ba etí rẹ̀ jẹ́, ó tú ohùn fóònù síta, èmi náà gbọ́. Christopher ní, "Bàbá, ẹ má bá ìlú jà nítorí ẹ̀rọ. Ẹ ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ẹ ṣá kọ ọ́ sílẹ̀."

Rùfáì gun òkè, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Mo ṣí ìdérí nítorí Igogo. Aago méje àárọ̀." Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ó kọ ọ́: "Mo dé e padà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin pé." Ní oṣù kejìlá, awakọ̀ Christopher wá gba ìwé náà, ó fún un ní òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́dọọdún: ìdérí á ṣí láti ọjọ́ kìíní Igogo, awakọ̀ á gba ìwé ní ìparí ọdún.

Òjò oṣù kẹsàn-án ń wọ ihò tí wáyà gbà wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Rùfáì kò mọ̀. Èmi kò mọ̀. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ kò ka ìwé.

Ní ọdún 2019, Rùfáì jábọ́ lórí òrùlé ilé kan tó ń kàn ní Elegbeka, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Kò lè gun àkàbà. Ìyá Àbẹ̀ẹ́bí bẹ ìlú fún un, ó ní ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í gun òrùlé. Ìdérí kò ṣí lọ́dún náà. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ti san, ó tún gun òkè lọ ṣí i.

Ẹ wo ohun tí Christopher ṣe. Ó rí i pé ní oṣù kẹsàn-án, òfúrufú òkè Ọ̀wọ̀ ń dàrú fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ pé ìdàrúdàpọ̀ láti ibi yìnyín ló ń rìn wá bá wa. Ó wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ òtútù, ó sọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tó kan ọdún 2019 tí kò sí ìdàrúdàpọ̀, ó kọ ọ́ pé oòrùn sinmi lọ́dún náà.

Oòrùn kò sinmi. Ẹsẹ̀ Rùfáì ló ṣẹ́.

Jemimah ló tú àṣírí. Ọmọ Idasen níhìn-ín ní Ọ̀wọ̀ ni, abẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2024 ó wo àwọn ọjọ́ náà, ó rí i pé wọn kì í bọ́ sí déètì kan náà, pé bí Igogo bá ṣe sún ni wọ́n ń sún. Oòrùn kò mọ ìgbà tí Ọ̀wọ̀ ń ṣọdún. Ó lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí wọn. Lábẹ́ fáànù tó ti bàjẹ́, ó rí ìwé mẹ́sàn-án nínú páálí. Rùfáì ti fi okùn búlúù di ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ta á ní kókó tó fi ń di pákó mọ́ ọkọ̀. Jemimah tú ẹyọ kan, ó kà á. Ó lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sí Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá Igogo. Ó pe Rùfáì sí ilé àlejò kan, ó ní kó mú ẹlẹ́rìí kan wá. Èmi ni mo bá a lọ. Jemimah kí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwọn ìwé Bàbá wà nínú báàgì òun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé fìlà. Obìnrin tó gbé omi wá ń wò ó lórí. Kò yé Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó ti ìwé títẹ̀ kan sí iwájú Rùfáì, ó ní kí Jemimah kà á. Ọmọ náà kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òun Rùfáì Ọlámúyìwá ń ṣí ìdérí ẹ̀rọ ní ìkọ̀kọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kàn fọwọ́ sí i, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa mú yín. Àwọn òyìnbó ló ń béèrè ohun tó da iṣẹ́ mi rú."

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde."

"Wọ́n á kà á ní Ọ̀wọ̀?"

"Níbi gbogbo."

Mo mọ ohun tí Rùfáì ń rò. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìnlá. Bó bá fọwọ́ sí i, òun ni ẹni tí wọ́n fi nǹkan síkàáwọ́ rẹ̀ tó lọ ń tú u ní kọ̀rọ̀.

Ó ti ìwé títẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Àbí ẹ fẹ́ kí n fa iná kúrò nílé yín?"

Rùfáì yíjú sí ọmọ náà. Ó ní, "Jemimah, ọmọ mi, kó ìwé mi wá."

Jemimah wo ọ̀gá rẹ̀. Ó ṣí báàgì. Ó to mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí tábìlì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló so okùn yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló tú ọ̀kan yìí?"

Jemimah ní, "Èmi ni, sà."

"Mẹ́jọ yòókù ńkọ́? Ọdún mélòó ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ yín? Kókó mi rèé, bí mo ṣe ta á."

"Bàbá, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà. A kì í wá a nínú ìwé ọmọ iléèwé."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù. Ìwọ lo ní kó ṣí i."

"Ta ni yín, Bàbá?"

"Ẹni tó di àkàbà mú."

Rùfáì gbọ́wọ́ sókè, mo dákẹ́. Ó ní, "Ẹ yá mi ní bíírò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa tirẹ̀ yọ. Rùfáì gbà á. Ó mú ìwé tọdún yìí jáde nínú àpò, ó ṣí i. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ohun tó kọ rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà:

"Ọjọ́ kẹtàlá Igogo. Ìdérí wà ní ṣíṣí. Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n lójúkojú. Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó gbọ́."

Ó pa ìwé dé. Ó fi okùn búlúù dì í, ó ta kókó rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé títẹ̀ tí kò fọwọ́ sí.

Ó ní, "Ẹ wá gbé ẹ̀rọ yín lọ́la. Màá di àkàbà mú fún yín. Gílóòbù méjèèjì á ti wà nínú páálí. Kí ẹ sì ṣí fìlà yín kí ẹ tó jáde. Ìlú ń ṣọdún."

Ó dìde, ó lọ.